Àbùkù Ara Àtẹ Ògiri: Ti Ẹ̀rọ Ìtẹ̀wé Ni Tàbí Ti Àkọsílẹ̀?

Ìfáárà

Láti ìgbà tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ńlá ti gbòde, àtẹ álífábẹ́ẹ̀tì, àtẹ fáwẹ̀lì, àtẹ òǹkà àti bánà Ọjọ́ Èdè Abínibí tí a ń ṣe ní 21 oṣù Kejì ọdọọdún kò tún ṣòro í ṣe mọ́. Olùkọ́ yóò kọ ohun tí ó fẹ́, yóò gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ atẹ̀wé, yóò sì gbà á ní ọjọ́ kejì ní kíká bí ẹní. Ìgbà tí ó bá tú u sára ògiri ni yóò tó rí i pé ìlà funfun la àwòrán já, tàbí pé gbogbo ọ̀ ti di o. Bí ó bá padà lọ bá atẹ̀wé, atẹ̀wé yóò ní fáìlì ni kò dára. Bí ó bá bi ẹni tí ó to ọ̀rọ̀ náà sórí kọ̀ǹpútà, òun náà yóò ní ẹ̀rọ atẹ̀wé ni kò dára. Láàárín àwọn méjèèjì, owó ilé-ìwé ti lọ.

Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a fẹ́ ṣe àlàyé bí olùkọ́ ṣe lè fi ojú lásán wo irú àtẹ bẹ́ẹ̀ kí ó sì mọ ibi tí àbùkù rẹ̀ ti wá. A kò fẹ́ sọ olùkọ́ di oníṣẹ́ ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n àtẹ ògiri kì í ṣe ohun tí a ń lò lẹ́ẹ̀kan kí a sì ká a sọnù. Ó lè wà lójú ògiri fún ọdún márùn-ún, kí ọmọ kíláàsì méjì mẹ́ta sì máa da á kọ. Ohun tí wọ́n bá dà kọ níbẹ̀ ni wọn yóò gbé wọ gbọ̀ngàn ìdánwò, ibẹ̀ sì ni àwa olùyẹ̀wò yóò ti fi gègé pupa pàdé wọn.

Bí ẹ̀rọ náà ṣe ń ṣiṣẹ́

Ẹ̀rọ tí a ń sọ yìí kì í lo lẹ́tà òjé bí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àtijọ́. Bébà tàbí flex oní-rólù ni a ń fi bọ̀ ọ́. Fífẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bí ínǹṣì 24, àwọn tí wọ́n sì ń lò fún bánà ìta gbangba lè fẹ̀ tó mítà 3.2, èyí tí àwọn atẹ̀wé wa ń pè ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá. Orí ìtẹ̀wé kan ni ó ń rìn lọ rìn bọ̀ lórí irin gbọọrọ láti ẹ̀gbẹ́ kan bébà dé ìkejì. Abẹ́ orí yìí kún fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ihò tín-ín-tín tí yíǹkì ń gbà kán. Nínú ẹ̀rọ HP àti Canon, ooru ni ó ń ti yíǹkì jáde. Nínú Epson, Roland àti Mimaki, ohun líle kan ni ó ń tẹ̀ díẹ̀ nígbà tí iná mọ̀nàmọ́ná bá kàn án, títẹ̀ yìí ni ó sì ń fún yíǹkì síta. Bí orí ìtẹ̀wé bá ti kọjá lẹ́ẹ̀kan, rólà yóò fa bébà síwájú díẹ̀, orí yóò sì tún kọjá. Báyìí ni àwòrán yóò máa jáde ní tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, bí aṣọ òfì tí a ń hun ní ìró kan lẹ́yìn ìró kan.

Ohun kan wà nínú àlàyé yìí tí ó ṣe pàtàkì ju ìyókù lọ: ẹ̀rọ kò mọ̀wé. Kò mọ ìyàtọ̀ láàárín e àti ẹ. Kò mọ̀ pé lẹ́tà ni òun ń tẹ̀ rárá. Tóótòòtó yíǹkì nìkan ni ó mọ̀. Nítorí náà, bí ẹ̀rọ bá ní àbùkù, àbùkù náà yóò kan gbogbo ohun tí ó bá wà ní ojú ibẹ̀, ìbáà ṣe lẹ́tà, ìbáà ṣe àwòrán, ìbáà ṣe ìlà etí àtẹ. Ṣùgbọ́n àbùkù tí ó bá ń ṣa lẹ́tà ṣà, tí ó fo à àti ì tí ó sì mú ọ̀, kò lè jẹ́ ti ẹ̀rọ. Ẹni tí ó mọ lẹ́tà ni ó lè ṣà á.

Àbùkù tí ó jẹ́ ti ẹ̀rọ

Èyí tí ó wọ́pọ̀ jù ni ìlà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó dá àtẹ já láti ẹ̀gbẹ́ dé ẹ̀gbẹ́, ní ọ̀nà tí orí ìtẹ̀wé gbà rìn. Ohun méjì ni ó lè fa èyí. Ó lè jẹ́ pé ihò yíǹkì kan ti dí. Ó sì lè jẹ́ pé rólà ń fa bébà ju bí ó ti yẹ lọ, tí àlàfo fi ń wà láàárín ìró kan àti èkejì. Bí rólà kò bá fà á tó, ìró kan yóò gun orí èkejì, ìlà dúdú ni a ó sì rí dípò funfun. Ọ̀nà tí a fi ń mọ̀ wọ́n yàtọ̀ ni kí a ní kí atẹ̀wé tẹ àyẹ̀wò ihò jáde. Gbogbo ẹ̀rọ wọ̀nyí ni ó ní in, kì í sì í gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Bí ìlà kéékèèké inú àyẹ̀wò náà bá pé láìsí èyí tí ó já, ihò kò dí. Kí atẹ̀wé yáa lọ tún bí rólà ṣe ń fa bébà ṣe. Bí ó bá já níbì kan, kí a wo àwọ̀ tí ó já: cyan ni, magenta ni, yẹ́lò ni tàbí dúdú.

Ihò tí ó dí ni a ń torí rẹ̀ fọ orí ìtẹ̀wé. Ẹ̀rọ náà ní ètò ìfọ̀ tirẹ̀, ṣùgbọ́n ìfọ̀ yìí ń jẹ yíǹkì púpọ̀, a kò sì gbọdọ̀ máa fọ̀ ọ́ léraléra bí ẹni tí ń fọ abọ́. Bí a bá fọ̀ ọ́ ní ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta tí kò yí padà, ó sàn kí a fi í sílẹ̀ fún wákàtí díẹ̀ kí a tó tún gbìyànjú. Àwọn oníṣẹ́ tí ó mọṣẹ́ tún máa ń wo ibi tí ìlà ti já. Bí ó bá jẹ́ ojú kan náà ni ó ń já lẹ́yìn ìfọ̀ kọ̀ọ̀kan, yíǹkì ti gbẹ síbẹ̀ tàbí ihò náà ti kú. Bí ó bá ń sún kiri, tí ó já lókè lẹ́ẹ̀kan tí ó tún já nísàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, atẹ́gùn ni ó wọ inú ọ̀pá tí yíǹkì ń gbà. Bí ìtẹ̀wé bá sì bẹ̀rẹ̀ dáadáa tí àwọ̀ kan wá ń ṣá díẹ̀díẹ̀ bí àtẹ ṣe ń gùn sí i, yíǹkì kì í dé orí ìtẹ̀wé tó. Asẹ́ tàbí ọ̀pá ni kí wọ́n lọ wò.

Lọ́dọ̀ tiwa, ohun méjì ni ó ń dá kún dídí ihò. Ọ̀kan ni ọyẹ́, nítorí pé afẹ́fẹ́ gbígbẹ ń mú kí yíǹkì gbẹ lẹ́nu ihò. Èkejì ni iná tí ó ń lọ lójijì. Nígbà tí ẹ̀rọ bá sinmi, orí ìtẹ̀wé máa ń padà lọ jókòó lé ìdérí tí kì í jẹ́ kí yíǹkì gbẹ. Bí iná bá lọ nígbà tí ó wà láàárín ọ̀nà, kò ní lè padà lọ síbẹ̀. Bí jẹnẹrétọ̀ kò bá sì tètè dé, ìhòòhò ni yóò wà títí. Atẹ̀wé tí ó ní inverter tàbí UPS kò ná owó yẹn dànù. Olùkọ́ pàápàá lè fi èyí yan ẹni tí yóò gbé iṣẹ́ fún.

Àwọn àbùkù ẹ̀rọ mìíràn kò gba àlàyé púpọ̀. Bí ìdí lẹ́tà òòró bí l, b àti d bá jáde ní méjì méjì bí ohun tí a fi ojú ọ̀mùtí wò, lílọ àti bíbọ̀ orí ìtẹ̀wé ni kò bára mu. Bí atẹ̀wé bá ní kí ó máa tẹ̀ ní lílọ nìkan tí ìméjì náà sì pòórá, ìdí rẹ̀ nìyẹn. Bí yíǹkì bá wọ́ bí ẹni fi ìka nù ún, pàápàá létí bébà, bébà ti ká sókè kan orí ìtẹ̀wé. Bí àwòrán bá fò sí ẹ̀gbẹ́ kan lójijì, kí wọ́n nu ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ tí orí ìtẹ̀wé fi ń mọ ibi tí òun dé. Eruku tàbí yíǹkì ni ó sábà máa ń wà lára rẹ̀. Bí yíǹkì kò bá gbẹ lórí flex, ìgbóná abẹ́ ẹ̀rọ kò tó, tàbí yíǹkì náà kò bá ohun tí a tẹ̀ ẹ́ sí mu. Kò sí ọ̀kan nínú gbogbo ìwọ̀nyí tí yóò sọ ọkọ̀ di oko.

Àbùkù tí ó jẹ́ ti àkọsílẹ̀

Ibí ni iṣẹ́ ti kan àwa olùkọ́ gan-an. Gbogbo wa mọ̀ pé akọtọ́ tí ìgbìmọ̀ ìjọba fọwọ́ sí ní 1974 kò fi àmì ohùn àti àmì abẹ́ lẹ́tà ṣeré. Ohun tí a kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ni ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà gbà ń kó àmì wọ̀nyí pamọ́. Nínú ètò tí a ń pè ní Unicode, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ni ó ní nọ́ńbà tirẹ̀. Láti 1993 ni ẹ, ọ àti ṣ ti ní tiwọn níbẹ̀: 1EB9 ni ẹ, 1ECD ni ọ, 1E63 ni ṣ. Bákan náà ni á, à, é, è, í, ì, ó, ò, ú, ù, ń, ǹ àti ḿ ní nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan. Bí a bá yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, márùn-ún péré ni lẹ́tà kékeré tí kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo tí ó jẹ́ tirẹ̀: ẹ́, ẹ̀, ọ́, ọ̀ àti m̀. Àpapọ̀ ni wọ́n. Kọ̀ǹpútà yóò kọ́kọ́ kọ ẹ, yóò sì wá kọ àmì ohùn òkè, tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 0301, tẹ̀ lé e. Fọ́ǹtì ni ó kù tí yóò gbé àmì náà gun orí lẹ́tà. Bí fọ́ǹtì kò bá mọ ibi tí orí ẹ wà, tàbí tí ètò kọ̀ǹpútà atẹ̀wé kò bá bìkítà, àmì náà yóò bọ́ sí ẹ̀gbẹ́, tàbí kí ó já sórí lẹ́tà tí ó tẹ̀ lé e, tàbí kí ó di àpótí kékeré.

Ìdí nìyí tí àtẹ kan fi lè kọ Ìbàdàn dáadáa kí ó sì ba Ọ̀yọ́ jẹ́. Bí olùkọ́ bá rí àtẹ tí ṣ, ẹ àti ọ tí kò ní àmì ohùn pé níbẹ̀, tí à àti í náà pé, ṣùgbọ́n tí gbogbo ẹ́ àti ọ̀ dàrú, kí ó má ṣe bá atẹ̀wé jà lórí ihò tí ó dí. Àpapọ̀ ni kò papọ̀. Ó tún wà pé ọ̀nà méjì ni a lè gbà to ẹ́. A lè bẹ̀rẹ̀ láti ara ẹ kí a fi àmì ohùn kún un. A sì lè bẹ̀rẹ̀ láti ara é, tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 00E9, kí a fi àmì abẹ́, 0323, kún un. Lójú, ọ̀kan náà ni wọ́n, Unicode pàápàá sì kà wọ́n sí ọ̀kan náà. Ṣùgbọ́n bí olùkọ́ méjì bá pín iṣẹ́ kan kọ, tí oníkálukú sì lo bọ́tìnnì tirẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ẹ́ ojú ewé kìn-ín-ní dára kí ti ojú ewé kejì sì fọ́. Irú èyí ni ó máa ń jọ iṣẹ́ àǹjọ̀nú lójú ẹni tí kò mọ ìdí rẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ pé gbogbo ẹ, ọ àti ṣ pátá ni ó di àmì àjèjì, tí ẹ kọ̀ọ̀kan ń di àmì kan náà níbi gbogbo, fọ́ǹtì àtijọ́ ni wọ́n fi kọ ọ́. Kí Unicode tó gbilẹ̀, àwọn kan máa ń yọ àmì tí a kì í lò nínú fọ́ǹtì kúrò, wọn a sì fi ẹ tàbí ọ sí ipò rẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí fọ́ǹtì náà bá wà lórí kọ̀ǹpútà, ohun gbogbo yóò dára. Bí fáìlì bá ti dé ọ̀dọ̀ atẹ̀wé tí kò ní fọ́ǹtì náà, àmì àtijọ́ yóò padà jókòó sí àyè rẹ̀. Ọ̀pọ̀ àkọsílẹ̀ ilé-ìwé wa tí ọjọ́ rẹ̀ ti pẹ́ ni ó wà ní irú ipò yìí, ó sì yẹ kí a tún wọn tẹ̀ sínú Unicode kí a tó gbé wọn jáde.

Àwọn fọ́ǹtì ológe tí àwọn tí ń ya bánà fẹ́ràn tún jẹ́ wàhálà mìíràn. Púpọ̀ nínú wọn kò ní àmì abẹ́ rárá. Ohun tí ẹni tí ó to bánà náà yóò ṣe ni kí ó kọ o lásán, kí ó wá fi ọwọ́ to ẹ̀kán kéékèèké sábẹ́ rẹ̀. Bí a bá sún ìlà ọ̀rọ̀ síwájú díẹ̀ tàbí tí a sọ ọ́ di ńlá, àwọn ẹ̀kán yóò dúró sí ibi tí wọ́n wà. Àmì tí a fi ń mọ̀ ọ́n ni pé ẹ̀kán abẹ́ ọ kan kò jìnnà sí lẹ́tà tó ti èkejì. Ní èrò tiwa, kí a fi ẹwà sílẹ̀ kí a lo fọ́ǹtì tí a ṣe fún irú èdè wa, bíi Charis SIL, Doulos SIL, Gentium tàbí Noto, sàn ju kí a fi ọwọ́ to àmì lọ. Ọ̀rọ̀ ọkọ́ tí wọ́n fi ń roko, bí ẹ̀kán abẹ́ rẹ̀ bá sún kúrò, ohun tí yóò ṣẹ́kù kì í ṣe ohun tí a ń lẹ̀ mọ́ ògiri kíláàsì.

A kò gbọdọ̀ gbàgbé lẹ́tà ńlá. Gẹ́gẹ́ bí àwọn onímọ̀ ẹ̀dá-èdè ti fi yé wa, ọ̀rọ̀ orúkọ Yorùbá tí ó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú fáwẹ̀lì kì í gba ohùn òkè lórí fáwẹ̀lì náà, àfi àwọn ọ̀rọ̀ àyálò bí ọ́fíìsì. Èyí já sí pé nínú gbólóhùn tí a kọ bó ti yẹ, Ẹ́ àti Ọ́ ńlá kò wọ́pọ̀ rárá. Olùkọ́ lè ka àkọsílẹ̀ rẹ̀ látòkè délẹ̀ kí ó má pàdé ọ̀kan. Ìgbà tí a bá wá fi lẹ́tà ńlá kọ àkọlé, bíi ẸGBẸ́ OLÙKỌ́, ni àbùkù tó jáde, ní ibi tí ó tóbi jù lórí bánà. Kì í ṣe fọ́ǹtì nìkan ni ó ń fà á. Bí ẹni tí ó to ọ̀rọ̀ bá sún ìlà àkọlé méjì mọ́ra kí àyè lè gba wọ́n, àmì ohùn ìlà kejì lè kọ lu àmì abẹ́ ìlà kìn-ín-ní tàbí kí ó gé sọnù.

Ìlà tí a ń fà sábẹ́ ọ̀rọ̀ náà ní ẹjọ́ tirẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí sì kan àwa tí a ń ṣe ìbéèrè ìdánwò. Nínú ọ̀pọ̀ ètò ìkọ̀wé, ìlà abẹ́ ọ̀rọ̀ ń gba orí àmì abẹ́ lẹ́tà kọjá. Bí a bá ní kí akẹ́kọ̀ọ́ sọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ tí a fàlà sí nídìí, tí ọ̀rọ̀ náà sì jẹ́ ọkọ̀, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó kà á sí okò kò jẹ̀bi. Kíkọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ní dúdú kirikiri yóò ṣe iṣẹ́ kan náà láìbo àmì kankan mọ́lẹ̀. Níbi tí ìwé ìbéèrè bá sì ti jáde pẹ̀lú àbùkù tí a ti ṣàlàyé yìí, ó tọ́ kí olórí olùyẹ̀wò kọ ọ́ sínú ìlànà ìmáàkì kí a tó bẹ̀rẹ̀, kí olùyẹ̀wò kan má baà gba máàkì lọ́wọ́ ẹni tí ẹnìkejì fún.

Kí owó tó kúrò lọ́wọ́

Fáìlì tí ó dára lórí bébà kékeré ní ilé-ìwé lè bàjẹ́ lórí ẹ̀rọ ńlá, nítorí pé ètò kọ̀ǹpútà tí ó ń darí ẹ̀rọ ńlá, èyí tí wọ́n ń pè ní RIP, ni yóò tún fọ́ǹtì náà kà ní ọ̀nà tirẹ̀. Ohun tí ó lè gbà wá lọ́wọ́ èyí ni kí a gbé PDF tí fọ́ǹtì wà nínú rẹ̀ lọ, tàbí kí a ní kí ẹni tí ó to ọ̀rọ̀ sọ gbogbo lẹ́tà di curves, bí àwọn tí ń lo CorelDRAW ti ń pè é. Nígbà náà, lẹ́tà kì í ṣe lẹ́tà mọ́. Àwòrán ni, fọ́ǹtì kankan kò sì lè yí i padà. Ṣùgbọ́n a kò lè tún àṣìkọ ṣe nínú rẹ̀ mọ́, nítorí náà kí a ti kà á tán kí a tó yí i, kí a sì tọ́jú fáìlì àkọ́kọ́.

Kí a sì bẹ atẹ̀wé kí ó kọ́kọ́ tẹ ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ kan jáde ní ìwọ̀n tí àtẹ náà yóò jẹ́ gan-an. Àwa a máa fi àwọn ọ̀rọ̀ bí ẹ̀kọ́, ọ̀sẹ̀, ṣẹ́ṣẹ́ àti àǹfààní sí i, kí a tún wọn kọ ní lẹ́tà ńlá, kí a wá fi m̀ àti M̀ parí rẹ̀. Kí àkọlé àtẹ náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú, àti díẹ̀ lára àwòrán rẹ̀. Bí àbùkù bá hàn lára àwòrán, kí atẹ̀wé lọ wo ẹ̀rọ rẹ̀. Bí àwòrán bá mọ́ tí ọ̀rọ̀ sì dàrú, kí olùkọ́ gbé fáìlì rẹ̀ padà sílé. Kò yẹ kí ẹ̀yin akẹ́gbẹ́ wa tijú láti béèrè ọ̀já yìí. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan lára owó bánà ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá.

Ní ti àtẹ tí ó ti jáde tí owó kò sì sí láti tún un tẹ̀, kí a má ṣe gbé e kọ́ bẹ́ẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé àmì kan kàn sọnù ni, a lè fi máàkà tí kì í parẹ́ kọ ọ́ sórí flex, yóò sì pẹ́ níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ bébà tí a fi yíǹkì olómi tẹ̀, kí a kọ́kọ́ dán máàkà náà wò ní igun kan, nítorí pé yíǹkì bẹ́ẹ̀ lè ràn bí ọ̀rinrin bá kàn án. Èyí tí àmì rẹ̀ bá ti já sórí lẹ́tà mìíràn kò ṣeé fi máàkà tún ṣe; kí a gé bébà funfun lé ọ̀rọ̀ náà kí a sì fi ọwọ́ kọ ọ́.